Igi Tí Mo Fi Ẹ̀rù Ṣọ́

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni àáké kò fi kan igbó tó yí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà wa ká. Àwọn òkè tó kù ti di òkúta lásán, ṣùgbọ́n tiwa tutù minimini. Wọ́n ń yìn mí káàkiri: Abba Mezgebu, àlùfáà tó fi igbó ṣe aṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gba ìyìn náà. Irọ́ ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ń gé igbó náà díẹ̀díẹ̀. Mo wàásù lẹ́ẹ̀kan pé Ọlọ́run ló ni í, Ó kàn ní ká máa bá Òun ṣọ́ ọ ni. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì ru igi lọ sílé. Inú bí mi. Mo lọ sídìí ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó wà létí igbó, mo gbé àgbélébùú ọwọ́ mi sókè, mo ní, "Ẹni tó bá fi àáké kan igi yìí, tàbí èyíkéyìí lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rí Ọdún Àjíǹde."

Gbogbo wọn jáwọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń da ife kọfí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sè sídìí ọ̀pọ̀tọ́ náà, tí wọ́n ń fi bọ́tà pa á lára, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún ọmọ. Mo rí wọn, mo dákẹ́. Igbó ṣáà wà.

Lọ́dún yìí, nínú ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Àjíǹde, tí a kì í fẹnu kan ẹran tàbí bọ́tà, igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé; ó ti jẹrà. Ibi tó fì sí ni ilé Tirengo wà, opó tó ní ọmọbìnrin méjì.

"Tirengo, kó àwọn ọmọ rẹ kúrò níbí."

"Kí n kó wọn lọ síbo, Abba? Ṣebí igi yìí ló ń ṣọ́ wa!" Bọ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ́tà, nínú ààwẹ̀?"

"Àwa là ń gbààwẹ̀, Abba. Igi ò gbààwẹ̀."

Mo ránṣẹ́ pe Bitew, ẹni tó mọ àáké lò jù lábúlé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fà sẹ́yìn.

"Abba, ẹ wá ẹlòmíì. Ìyàwó mi lóyún. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n rí Àjíǹde ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́, igi náà dún kẹ̀ẹ̀. Àwọn ọmọ Tirengo ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Mo lé wọn kúrò, mo sì mú àáké fúnra mi. Èmi tí mo pa irọ́ ni irọ́ náà ń dẹ́rù bà. Tirengo dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, igbe rẹ̀ sì kó àwọn ará abúlé jọ.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín," mo ní. "Irọ́ ni mo pa. Igi lásán ni. Kò lè gbà yín, kò sì lè pa yín."

Mo gé e láti apá igbó, kó má bàa wó lu ilé. Ó wó sí apá ibi tí kò sí ẹnì kankan. Inú rẹ̀ dúdú, ó ṣófo.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí mi bí ẹni ń kí òkú. Kò sẹ́ni tó fẹnu ko àgbélébùú mi gba ìbùkún mọ́. Wọ́n ń ka ọjọ́ tó kù sí Àjíǹde. Èmi náà ń kà á, ojú sì ń tì mí.

Àjíǹde dé. Mo jẹ ọbẹ̀ adìẹ, bọ́tà kún inú rẹ̀.

"Abba ò kú!" Bitew pariwo. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi fi ọdún mẹ́wàá lé e, òtítọ́ sì bá a lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró àáké nínú igbó. Kì í ṣe ẹyọ kan. Mo sáré.

Bitew dúró ti igi kédárì kan tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó nu òógùn, ó fẹnu ko àgbélébùú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Abba. Ìyàwó mi ti bímọ. Mo fẹ́ fi yàrá kan kún ilé."

"Bitew! Igbó Ọlọ́run nìyí!"

Ó wò mí bí ẹni ń wo àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé nǹkan.

"Abba, ẹnu yín náà la ti gbọ́ ọ. Igi lásán ni."

Tirengo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń di ẹ̀ka igi. Àwọn náà kí mi dáadáa.