Ọjọ́ Orí Mọ̀nsúrát

Láti ọjọ́ tí Dókítà Fákọ̀yà ti sọ fún Mọ̀nsúrát pé kó fọkàn balẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́ ike tí a ń ṣe ní Sàngó, ọ̀bẹ la fi ń gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ jáde, ó sì ti gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ léraléra. Á dìde, á jókòó, á tún ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó sú mi.

"Mọ̀nsú, kí ló ń lé ẹ kiri?" Ọ̀gá wa wà nítòsí, nítorí náà orúkọ ni mo pè é. Ní Ìrágbìjí tí a ti wá, mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò: ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá iṣẹ́, wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ló bá lọ búra ní kóòtù Ọ̀tà, ó gé ọdún mẹ́sàn-án kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ta ni kò gé? Lásìkò SAP tí ìjọba gbé dé yìí, tí wọ́n ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó bá ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, ebi ló fẹ́ pa á.

Ibi wàhálà wà ni pé ilé iṣẹ́ náà ló ti pàdé Rauf, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọjọ́ orí kóòtù ni Rauf mọ̀. Wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí Naimat, Rauf sì ń yangàn káàkiri Ojú Ọrẹ pé ọmọdé lòun fẹ́. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun fi ọdún mẹ́rin ju òun lọ. Ẹ gbà mí o!

Oyún kejì ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Dókítà Fákọ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì ń ṣe àyẹ̀wò kan tí a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí fún àwọn aboyún. Á fi ẹ̀rọ wo ọmọ nínú, á gba ẹ̀jẹ̀ ìyá ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ náà lè ní ohun tí wọ́n ń pè ní Down syndrome. Mọ̀nsúrát ló kọ́kọ́ sáré lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Àlàrí, àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí wọ́n bí nígbà tí ìyá wọn ti dàgbà. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pẹ́ kó tó rìn, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àbùkù wà lára ọkàn rẹ̀, títí ó fi kú sí Mọ̀nsúrát lẹ́yìn lọ́nà ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, dókítà bèèrè ọjọ́ orí. Kí Mọ̀nsúrát tó lanu, Rauf ti dáhùn: "Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, dókítà. Bébì ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí èsì dé, tó sì dára, ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé ọjọ́ orí ìyá wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pé bí ìyá bá ṣe ń dàgbà sí i ni ewu náà ń pọ̀ sí i. Rauf ra mínírà fún gbogbo wa. Mọ̀nsúrát kò lè mu tirẹ̀.

"Àdìzá, èsì ẹlòmíì ni wọ́n fún mi," ó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, lọ́jọ́ tí mo bi í ní ohun tó ń lé e kiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ sọ òótọ́ fún dókítà nìkan."

"Tó bá dé etí Rauf ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún un?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gba géètì jáde. Mo parọ́ fún ọ̀gá pé inú ń run ún, mo sáré tẹ̀ lé e. Ọ̀gá náà, aláàánú èèyàn, ló bá lọ pe Rauf.

Lọ́dọ̀ dókítà, Mọ̀nsúrát kọ̀ kò jókòó. Ó ń rìn láti ògiri dé ògiri. Bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí ni Rauf já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Naimat, kí ló ṣe ọmọ?"

Mo fojú sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó dákẹ́. Ó wo Rauf, ó wo dókítà.

"Dókítà, ẹ tún un ṣírò. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí."

Dókítà kò bá a jà. Ó tún un ṣírò lójú wa. Ó ní èyí kò sọ pé ọmọ náà ní i, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ti pọ̀ ju bí òun ṣe sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà, kí wọ́n yẹ ọkàn ọmọ náà wò, kó sì bí i síbẹ̀, níbi tí wọ́n á ti múra dè é. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Rauf ti jáde.

A bá a lẹ́bàá títì.

"Gbogbo ìgbà tí mò ń fi ẹ́ yangàn, ṣé ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá Naimat. Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ mi mọ́."

"Kí ló wá dé tí o ò fi gbé e mì títí láé?"

"Tí ẹ bá bínú kọ̀ mí sílẹ̀, ẹ ò ní kú. Ọmọ yìí ńkọ́?"

Rauf kọrí sọ́nà ilé iṣẹ́, ó ń lọ. A dúró wò ó bóyá á bojú wẹ̀yìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi. Mo ní kó jẹ́ ká sáré bá a, kó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀bẹ̀ lè dúró," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí mọ́tò Ìkẹjà.