Ìyá Ilẹ̀kùn Keje

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Ìyá Káàdì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé òun jáde nínú ilé tí òun ò dé rí. Arẹwà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló gbé ìròyìn náà wá. Ó jókòó sétí ibùsùn, kò tíì bọ́ bàtà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún nínú ọkọ̀.

Inú géèmù nilé ọ̀hún wà. Arẹwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ọdún mẹ́rin ṣe é. Ọkọ̀ ńlá kan ló ń fò láàárín ìràwọ̀. Jagunjagun kan, tí ẹni tó ń gbá géèmù ń darí, wà nínú rẹ̀ tó ń wá omi fún àwọn èèyàn rẹ̀, ìbọn lọ́wọ́, bó bá ṣe ń ṣẹ́gun ló ń lágbára sí i. Nídìí ilẹ̀kùn keje ọkọ̀ náà, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Ìyá Káàdì ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá fi lọ sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n fún un ní tíì, ó mu ún, ó padà sílé, ó rò pé ó ti parí.

Kò parí. Géèmù ti jáde, àwọn alárìíwísí, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbá géèmù kí wọ́n sì sọ fáráyé bó ṣe rí, ti kọ̀wé lé e lórí. Arẹwà ń kà á fún un lórí fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ fún wọn ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó ní ìyá ilẹ̀kùn keje pa òun lẹ́kún, ó ṣílẹ̀kùn fún òun bí ìyá tó bí òun lọ́mọ. Ìyá Káàdì rẹ́rìn-ín, ó jókòó dáadáa.

Ẹnì kejì fún wọn ní mẹ́rin. Ó ní wákàtí kan gbáko lòun fi dúró níwájú ìyá náà, kò gbin, orúnkún òun ló kàn ń wò bíi télọ̀ tó fẹ́ gé ṣòkòtò. Ẹnì kẹta ní igi lásán ni wọ́n gbé síbẹ̀, òun yìnbọn fún un, kò kú, kò sì dáhùn. Ẹnì kẹrin wá ní kò sí ẹni tó yá mọ́ èèyàn bí ìyá yẹn nínú gbogbo ọkọ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ìyá Káàdì. Ó bi Arẹwà bóyá ìyá méjì ló wà níbẹ̀. Arẹwà ní ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìyá Káàdì ní bóyá ara ìyá náà ò yá lọ́jọ́ tí ẹnì kejì dé. Arẹwà ní kì í rẹ ẹ̀rọ. Ìyá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò já síbì kan.

"Ẹni tó yìnbọn yẹn, èmi ló yìn ín fún àbí obìnrin inú ọkọ̀ yẹn?"

Arẹwà bọ́ sórí ohun tó gbé e wá. Ó ní ọ̀gá wọn ti ní kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà, kí wọ́n yọ ìyá náà kúrò, kí wọ́n fi bọ́tìnnì tí èèyàn á kàn tẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Wọ́n ti wo iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀, wọn ò rí ibi tó ti bàjẹ́.

"Ogójì ọdún ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé káàdì ní ọsibítù," ni Ìyá wí. "Ẹnì kan ò lé mi. Mú mi lọ kí n rí obìnrin náà."

Òkè kejì ni ibi iṣẹ́ wọn wà, wáyà ta kókó nílẹ̀ bí iṣan ẹsẹ̀ àgbà. Ọ̀gá wọn ga débi pé Òpó-Iná làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó dúró lé Ìyá Káàdì lórí níbi tó jókòó sí, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó má bínú, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni Ìyá ń wò. Kò dá a lóhùn. Gbogbo wọ́n rò pé inú ló ń bí i.

Arẹwà tan géèmù. Jagunjagun rìn dé ilẹ̀kùn keje, ó dúró ṣánṣán. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí orúnkún jagunjagun. Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Káàdì, nítorí òun mọ ìrora ọrùn yẹn. Fèrèsé tòun ní ọsibítù, káfíńtà tó ṣe é wọ̀n ọ́n kù, ikùn èèyàn ló kọjú sí. Bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì lòun ń rí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kóun rí ojú rẹ̀, òun kì í fún un ní káàdì, kóun má baà gbé àìsàn ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

"Kí ló dé tí jagunjagun yìí ò bẹ̀rẹ̀?" ló bi wọ́n.

Ìgbà yẹn ni Arẹwà rántí. Lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba ohùn Ìyá, kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ tí kò kọ́kọ́ wí pé, "Bẹ̀rẹ̀, kí n rí ojú ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Arẹwà, ó wá ṣe ìyá inú géèmù lọ́nà tí kò fi ní í dá ẹni tó bá nàró lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìyá náà ti gùn jù, wọ́n gé "Bẹ̀rẹ̀" kúrò. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀, wọ́n gbàgbé ìwà síbẹ̀.

Arẹwà tẹ nǹkan kan, jagunjagun bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó gbójú sókè, ó fi ohùn Ìyá Káàdì ní, "Ẹn-ẹn. Ta lo jẹ́, ọmọ mi?" Ilẹ̀kùn ṣí.

Gbogbo ilé hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti yé wọn. Àṣé àwọn tí kò mọ ogun jà nínú àwọn alárìíwísí, tí ọ̀tá ń yìnbọn lé bọ̀, bíbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀ láti sá fún ọta. Àwọn akọni tó ti pa gbogbo ọ̀tá tán, wọ́n nàró gbọnrangandan dé, ni ilẹ̀kùn bá kọ̀ fún wọn.

Òpó-Iná bẹ Ìyá pé kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ sínú ẹ̀rọ. Orí ìdúró ló wà. Ìyá wo bẹ́líìtì rẹ̀. Arẹwà wúkọ́. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti Ìyá dọ́gba.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Ìwọ rèé," ni Ìyá wí. "Mi ò mọ ẹni tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Níbo ni ẹ̀rọ yẹn wà?"

Kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀rọ̀ ti padà sáyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ bọ́tìnnì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Arẹwà tún gbé fóònù wá. Ẹni tó fún wọn ní mẹ́rin ti sọ ọ́ di méje. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀, ìyá náà bi òun ní ta lòun jẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí fún òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wọn ní mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ fà á wálẹ̀, ó ní ìyá náà ti ń pàṣẹ jù.

Ìyá Káàdì ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Tí wọ́n bá tún yìnbọn fún un," ló wí, tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, "tètè sọ fún mi, kí n mọ ibi tí ẹ̀yìn ríro yìí ti ń wá."