Òwú Pupa Inú Àgbá

Àgbàyà ni Aránṣọ máa ń pe àbúrò rẹ̀, kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Káfíńtà ni àbúrò yìí, ó láya, ó bímọ mẹ́ta, síbẹ̀ kò lè fi nǹkan sílẹ̀ kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ igi mọ́ igi, kó tó gbẹ, á ti fà á wò bóyá ó ti mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn wá fi àgbàdo sílẹ̀ fún, òun àti Aránṣọ.

Kì í ṣe àgbàdo jíjẹ o. Irúgbìn ni, èyí tí ìyá wọn fi ọgbọ̀n ọdún ṣà, tó máa ń gbó kí ọ̀dá tó dé. Kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ohun tí ìyá náà bẹ̀ wọ́n kó tó kú kò ju pé kí wọ́n má jẹ́ kó run.

Aránṣọ lọ bá olùkọ́ àgbẹ̀ kan, onítọ̀hún sì là á yé e. Kí wọ́n sá a gbẹ dáadáa, kí wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá rọ́bà kó kún dé ẹnu, kí wọ́n dé e pa síbi tí oòrùn kò dé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á lo atẹ́gùn tó kù tán, á sì kú.

"Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i o," ni ọkùnrin náà wí, "àfi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín."

Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ ni wọ́n gbé e sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá Káfíńtà níbẹ̀, ó ti ki orí bọ ẹnu àgbá.

"Kí lò ń wá?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá wọ́n ti kú ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ pòṣé, ó gùn. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ sìnkú wọn ni? Atẹ́gùn tó o gbé wá fún wọn yẹn, wọ́n kí ẹ pé o ṣeun. Àgbàyà."

Káfíńtà tọrọ àforíjì, ó dé e padà, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún un. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wo ló fẹ́ dá káfíńtà dúró? Aránṣọ gé òwú pupa, ó ká a lẹ́ẹ̀mẹta sórí àgbàdo nínú àgbá, ó wá dé e. Tó bá so ó sí ìta, òpònú yẹn á rí i, á tún un so. Èyí tó wà nínú, ta ni yóò mọ̀?

Láràárọ̀, kó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, á ṣí àgbá, á yọjú wo òwú. Òwú wà bó ṣe ká a. Á yínmú, á dé e padà gbọin-gbọin. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn oníbàárà fi gbọ́ ìtàn àbúrò tí kò lè fara balẹ̀. Nígbà tó rí kòkòrò méjì tó ń rìn lórí òwú, ó ní ẹ̀mí ló ń bọ́ lára wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀, Káfíńtà gbé agbọ̀n wá. Aránṣọ ṣí àgbá, àbúrò tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ó gbóná níbẹ̀. Ìyẹ̀fun àti èèpo lásán ni ọwọ́ rẹ̀ bù jáde, kòkòrò sì ń sáré gun apá rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Aránṣọ wí. "O tún ṣí i."

"Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ yẹn."

"Irọ́ lò ń pa. Torí ẹ ni mo ṣe fi òwú sínú ẹ̀."

"Òwú wo?"

Aránṣọ nàka sí i. Òwú pupa ṣì wà ní kíká mẹ́ta lórí ìyẹ̀fun, kò yẹ̀.

"Kò yẹ̀ rí," ni Aránṣọ wí, "àràárọ̀ ni mo máa ń..."

Ó wo ìdérí àgbá tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Káfíńtà wo òwú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ń dúró kó pe òun ní àgbàyà, orúkọ tí òun fún un, ìbá sì sàn fún un kó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Káfíńtà kàn da àgbàdo sórí ẹní ni, ó lóṣòó.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká ṣà á."

Títí oòrùn fi wọ̀, èyí tó yè kò kún àtẹ́lẹwọ́ kan. Aránṣọ dà á sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ojú tì í, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lọ gbìn ín," ló wí. "Má sọ ibi tó o gbìn ín sí fún mi."