Àṣẹ Orí Ìkúnlẹ̀

Lọ́dún 1994, ohun tí Hephzibah ọmọ Ìlárá ń wá lójú méjèèjì ni pé kí òun máa darí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ilẹ̀ Chile. Ẹni tó bá lè fi èdè Sípáníìṣì pàṣẹ fún àgbà ni wọn yóò mú. Kò kúkú le: bailar á di baile, ẹ jó; comer á di coma, ẹ jẹun. Ó ti fi àwọn ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ dánra wò. Coma! Wọ́n sì jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n Màmá Consuelo, olùkọ́ wọn tó ti pẹ́ ní Rẹ́mọ, irun wọn ti funfun báláú.

“Ó yá, pàṣẹ fún mi.”

“Baile!” Orúnkún Hephzibah ti kanlẹ̀. Màmá jó.

“Dìde! Àṣẹ lo ń pa, kì í ṣe pé ò ń bẹ̀bẹ̀. Tó o bá tún kúnlẹ̀, mo mú ẹlòmíì.”

“Cante!” ẹ kọrin. Ó tún ti kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà!”

Boaz, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pariwo: “Ọ̀gá oníkúnlẹ̀! Àwọn àlejò á rò pé ò ń tọrọ báárà ni!”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ó dáa, èmi náà á kúnlẹ̀ tì ọ́.” Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ lóòótọ́.

Háà! Àgbàlagbà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọdé! Hephzibah fò dìde gbọnrangandan. “Suba! Màmá, suba!” Ẹ gòkè, ẹ gòkè, ló ń pa láṣẹ, torí kò tíì mọ “ẹ dìde”, bí ẹni pé kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ògèrè.

“Ìwọ ni wàá darí wọn,” ni Màmá wí láàárín ẹ̀rín, “ṣùgbọ́n wá fà mí dìde ná.”