Obìnrin Tó Ń Mú Ilé Mí

Bí ènìyàn bá wọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀dí. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Ọmọ kékeré pàápàá á dákẹ́, á wo òkè àjà, á sì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ohun tó fà á ni pé ilé náà kò mí. Ilé tí kò mí kì í sì í yá tà, kódà kí ilẹ̀ rẹ̀ máa dán bí ojú omi.

Ohun tí alágbàtà ilé kan kíyè sí nìyí, tó fi wá obìnrin tí yóò máa gbé inú àwọn ilé tó fẹ́ tà. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, opó ni, ọ́fíìsì kan ló ń gbálẹ̀ nígbà náà. Bó bá gbowó oṣù tán, ẹnu onílé rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń já sí, ìyókù kò tó ra ọṣẹ. Nígbà tí alágbàtà sọ fún un pé kó wá gbé ilé ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa ṣí fèrèsé, kó máa gbálẹ̀, kó máa sùn, kí òun sì tún máa fún un ní nǹkan lé e, ńṣe ló wò ó títí.

"Ọmọ mi," ó ní, "ta lo pa síbẹ̀?"

Alágbàtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò pa ẹnikẹ́ni, Ìyá. Ilé yẹn gan-an ló ń kú lọ. Ẹ wá bá mi jí i."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Amúlémí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ. Ọdún mẹ́jọ, ilé mọ́kànlá.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú báàgì méjì, àti ẹní kan, àti kẹ́tùlù kan. Ilé kò gbọdọ̀ ṣófo fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí oníbàárà bá sì ń bọ̀, Amúlémí á gbé kẹ́tùlù kaná, á ṣí fèrèsé, bó bá sì ti gbọ́ "Ẹ kú ilé o!" níwájú, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà jáde. Oníbàárà á wọlé, á bá ooru lẹ́nu kẹ́tùlù, á bá aṣọ fèrèsé tó ń mì lẹ́lẹ́, bíi pé ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀. Kó tó pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun fúnra òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ti máa wọ àpò. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá yára, tó bá Amúlémí lójú ọ̀nà, tó ní, "Ṣé onílé wà?", èsì kan ṣoṣo ló ní: "Onílé ò sí nílé o."

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Owó tí onílé ìbá máa jẹ di ilẹ̀ kékeré kan ní ìpẹ̀kun ìlú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, mọ yàrá méjì àti pálọ̀ síbẹ̀. Wọ́n kan páànù lé pálọ̀ àti yàrá kan lórí, yàrá kejì ń wo ojú ọ̀run. Ẹ̀yìn kò tíì ní ilẹ̀kùn. Àbúrò rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù dí i. Amúlémí búra pé òun kò ní í wọ ilé náà àfi tó bá parí porogodo, tí wọ́n kùn ún, tó ń rùn fún ọ̀dà. "Bí ìyàwó tuntun ni màá ṣe wọ̀ ọ́," ó ní. Nítorí náà wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú pa, kí nǹkan kan má baà bàjẹ́. Ọdún kan àtààbọ̀ kọjá kò dé ibẹ̀, nítorí ilé onílé kò gbọdọ̀ ṣófo.

Nǹkan kan tún wà tí kò sọ fún alágbàtà rí. Gbogbo ilé ló ní àlá tirẹ̀, ẹni tó bá sì sùn níbẹ̀ ló ń bá ilé lá a. Ní ilé kẹta, ọmọ kan ló ń ka àtẹ̀gùn, kò sì kọjá méje rí. Ní ilé kẹfà, baba arúgbó kan ń wá awò ojú rẹ̀ kiri gbogbo yàrá, awò sì wà ní iwájú orí rẹ̀. Bí Amúlémí bá ń kúrò, á fọwọ́ pa ògiri lára, á ní, "Ó dàbọ̀. Máa ṣe jẹ́jẹ́."

Ilé kọkànlá ló wá lẹ́wà jù. Orí òkè ló wà, gíláàsì aláràbarà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀, láràárọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pupa ń sọ̀ kalẹ̀, tí aláwọ̀ ewé ń tẹ̀ lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àwọn ọmọ tó ń todò bọ̀. Igi kan ń fi ẹ̀ka rẹ̀ ha fèrèsé òkè. Ọkàn Amúlémí balẹ̀ pé àlá ibẹ̀ yóò dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ohun tó lá ni ilé kan tí kò lẹ́nu. Ẹnì kan ń pè é láti inú rẹ̀, ohùn náà rọra ń jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n da ìkòkò bò. Koríko sùn sílẹ̀ nínú yàrá, ó kẹ̀yìn sí ògiri. Amúlémí yí ilé náà po, kò rí ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lá a. Nígbà tó jí lẹ́ẹ̀kẹta, ó rìn káàkiri ilé orí òkè, ó fọwọ́ kan gbogbo fèrèsé. Gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀.

"Ìwọ kọ́," ó sọ fún ògiri.

Ní Ọjọ́bọ̀, alágbàtà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá, ilé ti tà! Wọn á kó wọlé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má fòyà, ẹ wo kọ́kọ́rọ́ ilé kejìlá. Etí omi ni, funfun báláú. Ẹ lè lò tó ọdún méjì níbẹ̀. Kí ẹ tó jáde, tiyín á ti parí."

Amúlémí kò na ọwọ́. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ibì kan."

"Ibì kan kẹ̀? Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ síbì kankan?"

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Alágbàtà họ orí. "Ó dáa, di Sátidé. Tí ẹ ò bá gbà á nígbà yẹn, ó di ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi o. Ó ti ń bẹ̀ mí lórí iṣẹ́ yìí bí ẹni ń bẹ òjò. Tó bá sì ti dọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò tún ní í rí i gbà mọ́."

Ọjọ́ kejì, òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ìlú. Ilẹ̀kùn ti wú mọ́ férémù, bíríkìlà fi èjìká tì í lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín ti gbàgbé ojú yín. Ẹ kí i, kó mọ̀ yín."

Ilẹ̀kùn já gbà. Atẹ́gùn tútù tó ti pẹ́ nínú ilé fẹ́ sí wọn lójú. Wọ́n wọlé. Funfun kan bí ìyẹ̀fun ti hù sí ara ògiri, ikán ti jẹ férémù fèrèsé dé ìdajì.

"Ẹ rọra tẹ ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn," àbúrò rẹ̀ ní.

"Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Lóòótọ́, wúyẹ́wúyẹ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Amúlémí ṣí yàrá kejì, èyí tí kò ní òrùlé. Koríko ti ga dé orúnkún níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ sí apá kan, ó kẹ̀yìn sí ògiri bí ẹni tó sùn lọ níbi tó ti ń retí àlejò.

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń mí sínú ilé onílé," ó ní. "Tèmi, ńṣe ni mo kan ìṣó mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ lọ gbé ilé etí omi yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan sí i péré, a parí."

"Kí ni a óò parí? Òkìtì ikán? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òrùlé gan-an ni kò sí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dì í mú, ẹ̀rín náà sì lu ògiri, ó padà wá bá wọn. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó mọ ojú yẹn láti kékeré. Ó fa òòlù yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó fèrèsé.

Ní Sátidé, Amúlémí fọwọ́ pa ògiri ilé orí òkè lára, ó sì kó báàgì méjì, ẹní àti kẹ́tùlù rẹ̀ wá sí ilé tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú. Ó gbálẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ògiri. Ó ta ìró rẹ̀ kan sí fèrèsé. Nígbà tí òrùn kan àtàrí, ó gbé kẹ́tùlù lé sítóòfù kékeré tó yọ nínú báàgì, pẹ̀lú iná tín-ín-rín, ó na ẹ̀yìn lórí ẹní, oorun sì gbé e lọ.

Kò lá nǹkan kan. Ó wá inú oorun náà yíká bí ẹni ń wá omi nínú àmù tuntun, kò sí ọmọ, kò sí baba arúgbó. Ìgbà tó lajú ló yé e. Kò tíì sí ẹni tó sùn níbẹ̀ rí. Òun ni ilé náà ń dúró dè kó lá tàkọ́kọ́.

Omi ń hó.

"Ẹ kú ilé o!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kó tó mọ̀. Ó gbé kẹ́tùlù, ó di ẹ̀yìnkùlé, kíá, bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ. Búlọ́ọ̀kù ló bá pàdé. Ó dúró síwájú wọn, ó di kẹ́tùlù mú.

"Ṣé onílé wà?"

"Onílé ò..."

Ó yí padà, ó rìn la pálọ̀ kọjá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Alágbàtà ló dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé kejìlá ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wo Amúlémí. Ojú rẹ̀ ti gba èjìká rẹ̀ kọjá, ó ń wo ìró tó ń mì lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé.

"Àbúrò yín ló ní mo máa bá yín níbí. Ìyá, ta ló ni ilé yìí? Onílé ni mo ń pè."

"Òun ló ń dá ọ lóhùn."

Alágbàtà wo ojú rẹ̀ wàyí. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ èsì.

Amúlémí gbé kẹ́tùlù sókè díẹ̀. "Ọwọ́ mi ò ṣófo, ọmọ mi. Fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Bọ́ bàtà rẹ kó o tó wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Alágbàtà bọ́ bàtà. Ó wọ pálọ̀, ó wo òkè, ó wo ara ògiri tí omi ọṣẹ kò tíì gbẹ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ìyá," ó pariwo, gbogbo ilé gbọ́, "ife dà?"