Òjìji Láyà Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Ebi ń pa Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ti sọ ọ́ di ìjà. Láti ìdájí ni àwọn nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó má fún un lọ́mú mọ́, nítorí àárọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé e wọ tíátà kí wọ́n la àyà rẹ̀. Wọn kì í fún ọmọ tó bá yó ní oògùn oorun, kí ohun tó wà níkùn rẹ̀ má baà gba ọ̀nà ọ̀fun padà wá dí i léèémí. Òfin gidi ni, àìmọye ọmọ ló sì ti gbà là. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́rin, kí ẹ wá bá mi sọ ohun tó fi dá yín lóhùn. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ké títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ràgàjì méjì tó sọ ọ́ lórúkọ fi pọ́n ròrò, ó ń wá ọmú kiri àyà ìyá rẹ̀ bí ẹni tí olè jà.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, kò sì rí ìdí jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, omi ọmú ti rin iwájú ẹ̀wù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, wà lórí bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ lérí. Òun ló fọwọ́ sí i lánàá pé kí wọ́n la ọmọ náà. Wọn ò bi ìyá. Bí wọ́n bá bi í ni, ì bá ti sọ pé òun ò tíì gbà.

"Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, wá jókòó," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ìdí mi ò gba ìjókòó."

"Dókítà kúkú mọ ohun tó ń ṣe."

"Mi ò sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ mi ò ṣàìsàn."

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Ikọ́ lásán, ikọ́ tó ti lọ tipẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ilé wọn ní kí àwọn ya àwòrán àyà rẹ̀, kí ọkàn lè balẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwọn àgbàlagbà, wọ́n dì í lọ́wọ́ dì í lẹ́sẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, wọ́n yà á. Nígbà tí àwòrán jáde, òjìji funfun kan fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀. Ọkàn tí wọ́n ní ó máa balẹ̀ wá fò sókè. Wọ́n ní ó kọjá agbára àwọn. Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn, lọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá Abẹ.

Ọ̀gá Abẹ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àwọn àgbàlagbà tó ti la àyà wọn pọ̀ débi pé wọ́n máa ń dá a dúró lójú pópó láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń yọrí sí rere fún ìgbà pípẹ́, etí rẹ̀ a máa di díẹ̀díẹ̀. Ó na àwòrán náà sí iná, ó wò ó fìrí.

"Kókó ni," ó ní. "Bó bá tún tóbi sí i, á fún un lọ́nà ọ̀fun. A máa yọ ọ́ kíákíá."

"Ọmọ tó ń mu ọmú, tó ń sùn, tó ń rẹ́rìn-ín yìí náà?" ìyá bi í.

"Ìyá, kókó kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé."

Ẹ̀rọ ńlá tí wọn ì bá fi wo inú àyà náà yíká ti bàjẹ́, Ọ̀gá Abẹ sì ní òun ò ní dúró de àwọn tó ń tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí nọ́ọ̀sì kan yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní dókítà tó ń wo àwòrán àwọn ọmọdé fẹ́ rí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Obìnrin ni dókítà yìí, kò ga, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Dókítà Àwòrán ni wọ́n ń pè é. Yàrá rẹ̀ ò tóbi. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó so ẹja oníke kan rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀dì, ó sì ki ike jẹ́lì tí wọ́n máa ń pa sára bọ inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó má baà tutù mọ́ ọmọ láyà. Kò ní kí wọ́n tẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gbé e sórí itan yín, mà. Ibi tó mọ̀ ni kó wà."

Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ò sì dùn pé òun fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti ń retí ire ni ibi máa ń ká lára jù.

Dókítà Àwòrán gbé àwòrán náà sójú iná. "Ẹ wo ibí yìí, mà. Ìgbà tó ń ké lọ́wọ́, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tán, ni wọ́n yà á. Bí ọmọ bá ké kanlẹ̀, á kọ́kọ́ mí sínú kó tó ké òmíràn. Ìgbà yẹn gan-an làwa máa ń tẹ bọ́tìnì. Wọn ò dúró dè é. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti tán láyà, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Kí wá ni ohun tó wà níbẹ̀?"

"Ẹran rírọ̀ kan ni, tó máa ń wà lẹ́yìn egungun àyà gbogbo ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló ń kéré lọ. Ẹ ò lè rí i bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà. Ẹni tó bá ti ń wo àyà àgbà látọjọ́ tó ti pẹ́, bó bá rí i lára ọmọdé, á ní kókó ni. Ohun tí mo rò nìyẹn o. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i ni."

Aránṣọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà kì í fi ìwọ̀n àgbà gé aṣọ ọmọ ìkókó.

Dókítà pa jẹ́lì sí ọmọ láyà, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sìkáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, lé e. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ó ń tapá, ó ń yí, ó ń ké, òjìji ojú ẹ̀rọ sì ń fò sókè sódò. Dókítà mi ẹja oníke fún un. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wo ẹja náà lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé kò ṣe é mu, ó tẹ̀síwájú nínú igbe rẹ̀.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Ọ̀gá Abẹ fi ṣílẹ̀kùn. Ó ti wọ aṣọ tíátà, fìlà iṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n gbé aláìsàn mi wá síbí?"

Dókítà Àwòrán kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò láyà ọmọ. "Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni."

"Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ sì kọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ní ká má la ohun tí a ò bá tíì wò yíká."

"Mo ti wò ó."

"Àwòrán tí wọn ò yà dáadáa lẹ wò, sà. Mo rò pé ẹran ọmọdé ni. Ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá Ọ̀gá Abẹ sọ̀rọ̀ báyẹn níbẹ̀.

"O rò," ó ní. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Tàgbàlagbà náà ò sì wọ kèrègbè."

Tòun ti inú tó ń bí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ọ̀gá Abẹ. Ó wo ojú ẹ̀rọ tó ń fò kiri. "Kí lo fẹ́ kí n rí nínú eléyìí? Ọmọ tó ń jà fitafita báyìí, ta ló lè rí nǹkan gidi láyà ẹ̀? Tíátà ti ṣe tán, olóògùn oorun ti ń dúró. Bí a bá fi kókó yìí sílẹ̀ lónìí, òun ò ní fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ gbé e, ó yá."

"Sà, bó bá lè dákẹ́ díẹ̀ péré, ẹ máa rí i."

"Kí ló máa mú un dákẹ́?"

Dókítà Àwòrán wo iwájú ẹ̀wù ìyá tí omi ọmú ti rin. Abẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá Abẹ ni ọmọ náà wà, kò tọ́ sí i láti ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá mọ̀. Láti ìdájí ni àyà rẹ̀ tó ń ro ó ti ń sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀rù bà á o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé onígboyà kì í bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé kókó ni lóòótọ́ ńkọ́? Bí Ọ̀gá Abẹ bá bínú, tó ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́? Bí ọmọ bá kú, òun ni wọ́n máa nàka sí títí ayé, pé ìyá tó fi orí kunkun pa ọmọ rẹ̀ rèé. Ó gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń mirí fún un pé rárá.

"Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Ká má bá dókítà jà."

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ó ní. Ó tú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu.

Igbe tó ti ń lọ láti ìdájí dá wáí.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Ọ̀gá Abẹ pariwo.

"Mò ń fún ọmọ mi lóúnjẹ, sà."

"Ṣé wọn ò kìlọ̀ fún yín ni? Ẹ ti ba iṣẹ́ òní jẹ́!"

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi, sà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni."

Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé sẹ́nu ọ̀nà lásìkò yẹn, ó ní wọ́n rán òun wá gbé ọmọ. Ìyá ló dá a lóhùn. "Ẹ padà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti jẹun." Ọkùnrin náà wo Ọ̀gá Abẹ, ó wo obìnrin náà, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Ọ̀gá Abẹ ò lọ. Ibo ni ì bá lọ? Iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ti bọ́. Dókítà Àwòrán na ọwọ́ ẹ̀rọ náà sí i. "Ẹ fọwọ́ ara yín dì í mú, sà."

Ó jà á gbà, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń rìn, nítorí ọwọ́ tó mọṣẹ́ kì í bá ọkàn bínú. Ìyá dẹ ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè ráyè. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ń fa ọmú, ó dijú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ojú ẹ̀rọ wá tòrò. Bí ọmọ bá mí sínú, òjìji náà á tín-ín-rín, bó bá mí síta, á fẹ̀. Bí ọkàn bá lù ú, á tẹ̀, á tún padà sáàyè rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò fún un, kò tì í. Kókó burúkú a máa le, a sì máa ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Eléyìí ń yàgò fún gbogbo wọn.

Ọ̀gá Abẹ wò ó pẹ́. Níkẹyìn ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọ fún Dókítà Àwòrán lóhùn ìsàlẹ̀ pé, "Ẹran ọmọdé ni," ó sì kọjú sí ọ̀nà.

"Ẹ dúró, sà," ìyá ní.

Ó dúró.

"Dókítà lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ ò tíì sọ fún wa."

"Wọ́n á ṣàlàyé fún yín."

"Ẹnu yín lẹ fi sọ fún ọkọ mi pé kókó wà láyà ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí, ayùn á gé e lọ́wọ́, kò ní sunkún. Látìgbà tí ẹ ti sọ ọ́ ló ti ń sunkún. Ẹ má fi ẹnu ẹlòmíì bá a sọ èyí."

Káfíńtà na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé ó ti tó. Ọ̀gá Abẹ di ilẹ̀kùn mú, ó sì jọ pé ó máa ṣí i kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà iṣẹ́ kúrò lórí, ó yíjú sí ọkùnrin náà.

"Bàbá ọmọ, kò sí kókó. Ara ọmọ yín le." Ó ká fìlà náà mọ́wọ́. "Mo ṣì í wò."

Káfíńtà fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, bí ẹni pé ọmọ náà ti ìrìn àjò dé.

Ọ̀gá Abẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró de yàrá náà. Ìyá ní òun gbọ́. Ó yí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sí ọmú kejì, ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa.

"Bó bá yó, a máa lọ."