Kíka Dé Ogún

Ọmọ Ìlàjẹ ni Kọ̀yà, àṣà ilé rẹ̀ ló sì ń fi ṣe gbogbo fíìmù rẹ̀. Láti ọdún méjìlélógún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ náà, òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: bí ẹni tí ẹ ń yà bá ní ó tó, ẹ má tíì pa kámẹ́rà. Ẹ ka dé ogún nínú yín. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde.

Ìyá Inúmidùn ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Opó ni, létí omi Ajégúnlẹ̀, ó ń sọ bí wọ́n ṣe fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkú ọkọ òun relé. Ó ní ó tó. Kọ̀yà kò pa kámẹ́rà. Nígbà tó ka dé mẹ́tàdínlógún, arúgbó náà kọjú sí ògiri. Ibi tó ti kọjú sí ògiri yẹn ló sọ Kọ̀yà di olókìkí.

"Ó dára gan-an, mà," ló wí fún un, ó sì palẹ̀ kámẹ́rà mọ́.

Ní báyìí, ó di ogójì ọjọ́ tí wọ́n ti sin Morádéún, ìyàwó rẹ̀. Ní kíláàsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Liverpool Road, tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí tírélà ti ń mi wíńdò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn fẹ́ ya ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, òun gan-an. Ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn gbogbo ayé kò lè ti tirẹ̀. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà.

"Tíṣà, ẹ má wo kámẹ́rà," ni Godstime, ọ̀kan nínú wọn, wí. "Àbí ẹ fẹ́ rà á ni?"

Àwàdà Kọ̀yà fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Tèmilọlá ló wà nídìí kámẹ́rà. "Sà, kí ni mọ́mì máa ń ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́?"

"Ó máa ń po tíì, ife méjì. Èmi náà ṣì ń po ife méjì..." Ó gbé ọwọ́ sókè. "Tèmilọlá, ó tó."

Ọmọbìnrin náà kò mira. Iná pupa kékeré orí kámẹ́rà kò kú.

Kọ̀yà fẹ́ bú u. Ẹnu wo? Ẹnu tó fi kọ́ ọ? Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n wáyà máìkì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án sì dí ẹnu ọ̀nà. Ó rí i tí ètè ọmọ náà ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó mọ ohun tó ń kà. Òun náà ń bá a kà á. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ogún jìnnà tó báyìí.

Ní mẹ́tàdínlógún, kò sí ibi tó tún lè gbé ojú rẹ̀ sí. Ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tó pé ogún, iná pupa kú.

"Ó dára gan-an, sà," ni Tèmilọlá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ kámẹ́rà mọ́.